Olùkọ́ Fásitì Tó Tún Ń Yàwòrán Ilé: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Méjì Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Ta ló yẹ kó kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń yàwòrán ilé? Ṣé ẹni tó ń yà á lójoojúmọ́, tó ń bá bíríkìlà àti káfíńtà jiyàn ní sáìtì, ni? Àbí ẹni tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí ìwádìí àti ìwé kíkọ? Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìyàwòrán-ilé ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn a sì máa dáhùn pé kí wọ́n wá ẹni tó lè ṣe méjèèjì. Ìdáhùn yẹn dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ọ̀rọ̀ owó oṣù, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, òfin ìjọba, àti wákàtí tí kò ju mẹ́rìnlélógún lọ lóòjọ́, ẹni náà a wá dà bí ẹni tó ń lé eku méjì, tí àwọn àgbà ti ní yóò pòfo.

Mo fẹ́ fi àgbéyẹ̀wò yìí wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí láwọn ibi tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀, kí n tó wá sórí ti Nàìjíríà, níbi tí ó ti dí jù. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò bínú ara wọn. Ìlànà tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ olùkọ́ àti òfin tó ń darí àkókò rẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Níbi tí wọ́n bá ti tún ìlànà náà ṣe, iṣẹ́ méjèèjì a máa gbe ara wọn.

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá dé inú fásitì

Kí fásitì tó gba iṣẹ́ yìí wọlé, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí á san owó fún ayàwòrán-ilé kan, ọmọ á wọ ọ́fíìsì rẹ̀, á máa da àwòrán kọ, á máa tẹ̀ lé ọ̀gá lọ sí sáìtì, títí ọdún àdéhùn yóò fi pé. Ẹni tó bá mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń gba fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ télọ̀ nílẹ̀ wa ti mọ ètò náà. Ní Paris, École des Beaux-Arts pín in sí méjì. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé ìdíje àti ìdánwò kalẹ̀, ṣùgbọ́n inú sítúdíò tí ayàwòrán-ilé tó ń ṣiṣẹ́ lóde ń darí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń yà á. Nígbà tí MIT ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1865, William Ware, tó ní ilé-iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé ní Boston, ni wọ́n fi ṣe olórí. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń ronú pé olùkọ́ lè wà tí kì í ya ilé.

Ní Jámánì, ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní 1919 fi hàn pé kí ọ̀gá jẹ́ ayàwòrán-ilé nìkan kò tó. Títí di 1927, Bauhaus kò ní ẹ̀ka ìyàwòrán-ilé tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayàwòrán-ilé olókìkí ni olórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tuntun fún un ní Dessau ní 1925 sí 1926, ọ́fíìsì Gropius fúnra rẹ̀ ló ya iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀ jàǹfààní, ẹni tí kò bá rí ń wò ó láti òkèèrè. Hannes Meyer, tó gba ipò olórí ní 1928, ṣe é lọ́nà mìíràn. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Bernau, lẹ́bàá Berlin, ó mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Arieh Sharon, ọmọ Júù tó ti ilẹ̀ Palestine wá kàwé, tó sì wà lára àwọn tó bójú tó iṣẹ́ ní Bernau.

Sharon yìí kan náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọgbà Fásitì Ifẹ̀ fún ní àwọn ọdún 1960. Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ àwọn ilé tó ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń ga níbẹ̀, tí àjà òkè ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀ kí oòrùn àti òjò má baà wọlé, ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ mú dé sáìtì nígbà tó wà lọ́mọ ilé-ẹ̀kọ́. Mi ò sọ pé Bernau nìkan ló bí Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti rí bí a ṣe ń bójú tó iṣẹ́ láti orí ìpìlẹ̀ dé orí òrùlé kò ní bẹ̀rù nígbà tí wọ́n bá gbé odindi fásitì lé e lọ́wọ́.

Ìyípadà ńlá dé ní 1958, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pe ìpàdé ní Oxford, tí Leslie Martin jẹ́ alága rẹ̀. Wọ́n pinnu pé kí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi ń wọlé ga sí i, kí ẹ̀kọ́ náà wọ fásitì, kí ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá sì kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Martin fúnra rẹ̀ jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge láti 1956 sí 1972, ó sì ń ya ilé ní gbogbo àsìkò náà. Kò dájú pé ó wá sí i lọ́kàn pé olùkọ́ yóò pa iṣẹ́ tì. Ṣùgbọ́n fásitì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí ayàwòrán-ilé tó dé: ìwádìí, ìwé àti oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó bá wọ ilé onílé, òfin onílé ni yóò tẹ̀ lé, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó di méjèèjì mú

Orúkọ tí a sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Louis Kahn. Ó kọ́ni ní Yale láti 1947 sí 1957, ó sì kọ́ni ní Fásitì Pennsylvania láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1974. Láàárín àkókò yìí ló ya ibi ìkóṣẹ́-ọnà-sí ti Yale tí wọ́n parí ní 1953, ilé ìwádìí ìṣègùn Richards ní Pennsylvania, ilé ìwádìí Salk ní California, àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bangladesh ní Dhaka. Méjì àkọ́kọ́ nínú wọn wà nínú ọgbà fásitì tó ti ń kọ́ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀, òun náà ló sì ń fún un ní owó tó dúró nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá fà sẹ́yìn. Síbẹ̀, gbèsè ńlá ló wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú lulẹ̀ tó kú ní ibùdókọ̀ ojú irin ní New York, bí ó ṣe ń ti Íńdíà bọ̀. Owó oṣù olùkọ́ lè gba èèyàn lọ́wọ́ ebi, kò lè gba ọ́fíìsì tí kò mọ ìṣirò owó lọ́wọ́ gbèsè.

Ti Mies van der Rohe fi ẹ̀gbẹ́ mìíràn hàn. Ó di olórí ẹ̀ka ìyàwòrán-ilé ní Chicago, ní ibi tó wá di IIT, ní 1938. Òun ló ya ètò ọgbà náà, òun ló sì ya Crown Hall, ilé tí ẹ̀ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ń lò, tí wọ́n parí ní 1956. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ní 1958, ilé-ẹ̀kọ́ náà gbé ìyókù iṣẹ́ ọgbà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí èèyàn rí nítorí ipò rẹ̀, ipò náà ló ni ín.

Denise Scott Brown àti Robert Venturi yí i padà, wọ́n jẹ́ kí kíláàsì bọ́ ọ́fíìsì. Ní 1968 wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ Yale lọ sí Las Vegas láti lọ wo ìlú tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń yínmú sí, kí wọ́n wọn òpópó rẹ̀, kí wọ́n ka pátákó ìpolówó rẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán ohun tí wọ́n rí. Iṣẹ́ sítúdíò yẹn, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Steven Izenour, ló di ìwé Learning from Las Vegas ní 1972, ìwé tó yí èrò àwọn ayàwòrán-ilé padà káàkiri ayé. Wọ́n dárúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣiṣẹ́ náà nínú ìwé ọ̀hún. Ohun kékeré kọ́ ni, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ní Íńdíà, Balkrishna Doshi dá ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Ahmedabad ní 1962, ó ya ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń darí ọ́fíìsì tirẹ̀ lọ. Òun ló wà lára àwọn tó jẹ́ kí wọ́n pe Kahn wá sí Ahmedabad láti ya ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso. Bí ọ̀gá kan bá wà ní ìlú tó ń kọ́ni, tó sì ń ya ilé, àwọn ọ̀gá mìíràn a máa gba ọ̀nà ibẹ̀ wá. Wọ́n fún Doshi ní ẹ̀bùn Pritzker, tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí, ní 2018. Ní 2022 ó kan Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ẹni àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gbà á. Kéré ṣì wà nípò akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin nígbà tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé rẹ̀ ní Gando. Láti 2017 ló ti jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich, bẹ́ẹ̀ ni òun ló ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun fún Orílẹ̀-èdè Benin ní Àjàṣẹ́. Ní Jámánì àti Switzerland, ẹni tó ní ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń wá fún ipò Ọ̀jọ̀gbọ́n sítúdíò.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń kọ́lé

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Bí olùkọ́ kò bá lè lọ sí sáìtì, ilé-ẹ̀kọ́ lè mú sáìtì wá bá a. Ní 1993, Samuel Mockbee àti D. K. Ruth ti Fásitì Auburn ní Alabama dá Rural Studio sílẹ̀ ní Hale County, agbègbè tí òṣì ti ta gbòǹgbò, tí ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì jẹ́ èèyàn dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ á kó lọ síbẹ̀, á bá ìdílé tí wọ́n fẹ́ kọ́lé fún jókòó, á yà á, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ. Mockbee kú ní 2001, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 2005 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ilé tí owó rẹ̀ kò ní ju 20,000 dọ́là lọ, ilé tí ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba lè yá owó kọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ parí lápapọ̀ ti lé ní 200.

Ohun tí Rural Studio yanjú ni ọ̀rọ̀ àkókò. Nígbà tí olùkọ́ ibẹ̀ bá wà ní sáìtì, ẹnu iṣẹ́ fásitì ló wà. Kò sá kúrò ní kíláàsì. Fásitì ló ń san owó oṣù, àwọn olùrànlọ́wọ́ ló ń gbé owó kíkọ́lé kalẹ̀, kò sì sí oníbàárà aládàáni tó ń pe olùkọ́ jáde láàárín júrì, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ohun tí kò yanjú ni pé ilé kéékèèké ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ti ibẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń darí ilé ìwòsàn ńlá tàbí bí a ṣe ń bá agbaṣẹ́ṣe jà lórí ìwé owó. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóde ṣì ní ohun tó lè kọ́ wọn.

Nígbà tí ìjọba bá ti ilẹ̀kùn

Kò sí ibi tí ìtàn yìí ti korò tó ti São Paulo ní Brazil. João Batista Vilanova Artigas wà lára àwọn tó dá ẹ̀ka ìyàwòrán-ilé Fásitì São Paulo sílẹ̀ ní 1948. Ayàwòrán-ilé tó ń ṣiṣẹ́ ni, èrò rẹ̀ sì ni pé sítúdíò gbọ́dọ̀ jẹ́ àárín gbùngbùn ẹ̀kọ́, tí gbogbo iṣẹ́ yòókù yóò yí ká. Ó ya ilé tuntun fún ẹ̀ka náà pẹ̀lú Carlos Cascaldi: òrùlé kan ṣoṣo lórí gbàgede ńlá, tí kò sí ilẹ̀kùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ní 1969, ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà, ìjọba ológun lé Artigas àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Paulo Mendes da Rocha kúrò nípò olùkọ́. Ó tó nǹkan bí ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó padà. Nígbà tí Artigas padà, ipò ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì tún mú un ṣe ìdánwò ní 1984 kó tó lè di Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ìyàwòrán-ilé ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì parẹ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Mendes da Rocha ń ya ilé lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2006. Ẹni tó bá ń sọ pé olùkọ́ kò nílò ọ́fíìsì lóde, kó rántí wọn: fásitì kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni.

Nàìjíríà: oko ni òfin fàyè gbà

Nílẹ̀ wa, ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀hónú akẹ́kọ̀ọ́ kan. Adedokun Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Manchester, sọ pé ohun tí wọ́n ń kọ́ òun kò bá ilẹ̀ olóoru tí òun yóò padà sí mu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bí ìpàdé lórí ilé ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní March 1953. Ní 1954, ilé-ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé AA ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹ̀ka pàtàkì sílẹ̀ fún un, Maxwell Fry sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní àsìkò yẹn gan-an, Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ló ń ya ọgbà Fásitì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ògiri oníhò dí oòrùn, tí wọ́n sì ń dojú yàrá kọ afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n rí ní sáìtì Ìbàdàn ni wọ́n ń kó lọ kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ìbàdàn bákan náà ni ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1952, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Zaria.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù lọ ní ilẹ̀ wa ni ti Demas Nwoko. Kò gboyè nínú ìyàwòrán-ilé. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Zaria, ó sì lọ kọ́ nípa ìtàgé ní Paris. Láti 1963 títí di 1978 ó kọ́ni ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé ní Fásitì Ìbàdàn, níbi tó ti bá Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣiṣẹ́ lórí eré Ọ̀mùtí. Láàárín àkókò náà ló ya ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican ní Ìbàdàn, ó kọ́ ibùdó tirẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó sì po yangí mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe bílọ́ọ̀kù tí kò nílò ọ̀dà. Ẹni tó ń to ìtàgé mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé, ó mọ bí ojú èèyàn ṣe ń rìn nínú yàrá. Ẹni tó bá dé inú ṣọ́ọ̀ṣì náà yóò rí i pé ọmọ ìyá ni iṣẹ́ méjèèjì. Ní 2023, àjọ̀dún ìyàwòrán-ilé ti Venice fún un ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ṣé olùkọ́ òde òní lè ṣe bíi tirẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Àfikún Karùn-ún nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999, tó sọ ìwà tó yẹ òṣìṣẹ́ ìjọba, kà á léèwọ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún láti máa darí òwò tàbí iṣẹ́ aládàáni. Òfin náà ka òṣìṣẹ́ fásitì ìjọba mọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo tó dárúkọ pé kò dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Nítorí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ìyàwòrán-ilé lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè sin adìyẹ, ó sì lè tà wọ́n. Bí ó bá wá jókòó sí ọ́fíìsì tirẹ̀, tó ń ya ilé fún aráàlú, tó ń ṣe ohun tí ìjọba gbà á síṣẹ́ láti fi kọ́ni, òfin lè mú un.

Ọ̀gá méjì ni olùkọ́ yìí tún ń sìn. Àjọ NUC, tó ń bójú tó fásitì, ń béèrè oyè ọ̀mọ̀wé àti ìwé ìwádìí. ARCON, tí òfin 1969 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ ayàwòrán-ilé sílẹ̀, ń béèrè pé kí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ wà lára olùkọ́ kó tó lè fọwọ́ sí ẹ̀ka kan. Ọ̀gá kan fẹ́ ẹni tó mọ ìwé, èkejì fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, ẹnì kan náà ló sì gbọ́dọ̀ dá àwọn méjèèjì lóhùn nínú ọdún kan náà.

Àbájáde rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Àwọn kan pa iṣẹ́ tì, wọ́n gbájú mọ́ ìwé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọn kò mọ iye tí sìmẹ́ńtì jẹ́ mọ́, wọn kò mọ ohun tí àwọn tó ń ṣe dẹ́kìnì ń ṣe lónìí. Àwọn mìíràn ń ṣe é lábẹ́lẹ̀: ilé-iṣẹ́ wà lórúkọ ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́, òru ni wọ́n ń yàwòrán, ọ̀sán ni wọ́n ń sá lọ sí sáìtì. Ohun tí wọn kò lè sọ ní gbangba, wọn kò lè fi kọ́ni ní gbangba. Ibi tí àdánù tó tóbi jù wà nìyẹn: olùkọ́ ní ìmọ̀ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ilé tí òun kò gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé òun ló yà. A ò sì lè dá gbogbo ẹ̀bi rù wọ́n. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ fásitì ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, tí ìjọba dá owó oṣù dúró, ẹni tó ní iṣẹ́ lóde ló rí nǹkan fi gbọ́ bùkátà ilé.

Ọ̀nà tó bófin mu tó wà nílẹ̀ ni ẹ̀ka ìgbaninímọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ fásitì dá sílẹ̀, bíi Unilag Consult ní Èkó. Orúkọ fásitì ni iṣẹ́ ń bá wọlé, fásitì á mú ìpín tirẹ̀, olùkọ́ tó ṣe é á gba tirẹ̀. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n aládàáni tó fẹ́ kọ́ ilé alájà kan kì í ní sùúrù láti dúró de ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lùwé, nítorí náà iṣẹ́ tó tóbi ní pàtàkì ló bá ọ̀nà yìí mu.

Ṣé ilé jẹ́ ìwádìí?

Ìdí mìíràn tí olùkọ́ fi ń pa iṣẹ́ tì ni pé ilé kì í kà fún ìgbéga. Àpilẹ̀kọ ojú ewé mẹ́wàá nínú ìwé ìwádìí ní máàkì. Ilé tó gba ọdún mẹ́ta, tó dojú ìjà kọ ooru, omi àti owó, tí ogójì èèyàn ń gbé inú rẹ̀, lè má ní ìkankan. Àwọn tó ṣe òṣùwọ̀n náà ní ìdí tiwọn: àpilẹ̀kọ ní ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde, ṣùgbọ́n ta ló yẹ ilé wò? Oníbàárà tó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ kọ́ ni adájọ́ ìmọ̀. Ilé tó sì dà bí ẹgbẹ̀rún ilé mìíràn kò fi ohun tuntun kún ìmọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ti wá ojútùú sí i. Ní 1990, Ernest Boyer ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kò mọ sí ṣíṣàwárí nìkan. Títo ìmọ̀ pọ̀, lílò ó àti kíkọ́ni wà lára rẹ̀. Ìwé tí òun àti Lee Mitgang kọ, tó jáde ní 1996, mú èrò náà wá sórí ẹ̀kọ́ ìyàwòrán-ilé gan-an. Ní Melbourne, RMIT ti ń jẹ́ kí ayàwòrán-ilé tó dáńtọ́ fi iṣẹ́ tirẹ̀ gba oyè gíga láti ìparí àwọn ọdún 1980: á kó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sọ ohun tó ń wá nínú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì wádìí rẹ̀ ní gbangba. Ilé nìkan kò tó níbẹ̀. Àlàyé tí ẹlòmíràn lè kọ́ nǹkan nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Òṣùwọ̀n yìí dára, nítorí ó ń mú kí ẹni tó ń yà á ronú, ó sì ń mú kí ẹni tó ń ronú yà á.

Ìwé owó tí kò sẹ́ni tó ń kà

Àwọn tó ń yin iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ ẹnì kan kì í sábà sọ ẹni tó ń san owó rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ́kọ́ san án. Ẹ̀kọ́ sítúdíò kì í ṣe ohun tí a lè kọ sílẹ̀ kí ọmọ lọ kà nílé. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ jókòó ti tábìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó wo àwòrán rẹ̀, kó bi í ní ìdí. Bí olùkọ́ bá wà ní sáìtì lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ ọmọ yẹn ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tó ní ọ́fíìsì ní àǹfààní tó lè di ìdẹkùn: ogún ọmọ tó gbọ́n, tí máàkì wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gbé iṣẹ́ oníbàárà rẹ̀ kalẹ̀ bí iṣẹ́ kíláàsì, tó sì mú èyí tó dára jù lọ nínú rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì láìsanwó, láìdárúkọ, olè ni. Ìdí nìyí tí mo fi tọ́ka sí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé Las Vegas.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn ayàwòrán-ilé tí kò ní owó oṣù níbì kankan. Wọ́n ń san owó ọ́fíìsì, wọ́n ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ń bá ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún du iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí kò ní ìnáwó wọ̀nyí lè dín owó rẹ̀ kù ju tiwọn lọ. Ẹjọ́ wọn tọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ìlànà tó bọ́gbọ́n mu jù lọ tí mo mọ̀ ni ti Ítálì. Láti 1980, òfin ibẹ̀ ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n yan ọ̀kan: kó ṣiṣẹ́ ní kíkún, kó má ní iṣẹ́ aládàáni, tàbí kó gba wákàtí tó dín kù pẹ̀lú owó tó dín kù, kó sì lè ṣiṣẹ́ lóde láìfi pamọ́. Ẹni tó bá yan èkejì kò lè di olórí fásitì. Kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Olùkọ́ mọ ohun tó pàdánù, fásitì mọ wákàtí tó ra, akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọjọ́ tí yóò rí olùkọ́ rẹ̀.

Irú ipò bẹ́ẹ̀ kò ta ko òfin ìpìlẹ̀ wa, nítorí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún ni òfin náà dè. Ohun tí a nílò ni kí fásitì dá ipò aláàbọ̀-wákàtí tó ní iyì sílẹ̀, tó ní ìgbéga tirẹ̀, dípò kí wọ́n máa ka ẹni tó ń wá kọ́ni lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sí àlejò. Kí NUC gba ilé tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti òde ti yẹ̀ wò, tó sì ní àlàyé tó jinlẹ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ òfin sílẹ̀ pé ọjọ́ sítúdíò kò ṣeé fi lọ sí sáìtì, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá lo iṣẹ́ rẹ̀ lóde gbọ́dọ̀ gba owó, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn.

Kò pọn dandan kí gbogbo olùkọ́ máa ya ilé. Ẹ̀ka tí gbogbo olùkọ́ rẹ̀ bá ní ọ́fíìsì lóde kò ní rí ẹni kọ ìtàn ilé àwọn baba wa, kò ní rí ẹni díwọ̀n ooru inú yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò ya ilé rí ń kọ́ni ní ohun tí kò mọ̀.

Sí ọ̀dọ́ tó ń ronú láti di méjèèjì mú, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má bẹ̀rẹ̀ wọn pọ̀. Ọdún tí a fi ń wá oyè ọ̀mọ̀wé àti ọdún tí a fi ń dá ọ́fíìsì sílẹ̀ le bákan náà, ẹni tó bá kó wọn pọ̀ yóò ṣe méjèèjì láìtẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Kó fi ẹsẹ̀ ọ̀kan múlẹ̀ ná. Sí NUC, ARCON àti àwọn aláṣẹ fásitì, ẹ̀bẹ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ jókòó pọ̀, kí ẹ fẹnu kò lórí irú olùkọ́ tí ẹ ń wá. Òfin tó gba Ọ̀jọ̀gbọ́n láàyè láti ta adìyẹ, tí kò gbà á láàyè láti ṣe iṣẹ́ tó ń fi kọ́ni, ti pẹ́ jù nílẹ̀.